Kírímù Amúra-kú Inú Ike Tí Kò Lórúkọ

Òǹkàwé kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo sì ń tọ́ ọmọ obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì. Màmá mi kú lọ́dún tó kọjá, mo wá fẹ́ ya orúkọ wọn sí ẹ̀yìn mi, láti èjìká kan dé èkejì. Ọmọkùnrin tó máa ya tátù náà fún mi ní Adó ta kírímù kan fún mi tí kò ní jẹ́ kó dùn mí. Inú ike róbótó kékeré ló wà, kò ní orúkọ lára. Ó ní kí n fi gbogbo rẹ̀ pa ẹ̀yìn mi ní wákàtí mẹ́ta kí n tó dé ọ̀dọ̀ òun, kí n sì fi ọ̀rá wé e pinpin, pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ó ní bó bá ṣẹ́kù, kí n fi pa etí ọmọ mi lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ lu ú. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀ torí pé mo máa ń lo kírímù abóra. Ṣé kò séwu níbẹ̀?"

Àbúrò mi, kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ewu ń bẹ níbẹ̀. Má fi nǹkan inú ike yẹn pa ẹ̀yìn rẹ, má sì jẹ́ kó dé ìtòsí etí ọmọ rẹ rárá. Bí ọmọ bá ń ké lẹ́yìn rẹ báyìí, o lè dúró síbí, ìdáhùn ti pé. Bó bá ti sùn, jókòó kí o kà á dé ìsàlẹ̀, torí mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún tà á fún ọ lọ́la lórúkọ mìíràn.

O pè mí ní dókítà. Apòògùn ni mí o, ẹ̀yìn káńtà ni tèmi.

N kò sì ní bá ọ jà lórí tátù. Ìyá tó bí ìyá mi ní kóló ní apá méjèèjì, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ìlà wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn bí èèrà. Bí wọ́n bá ti gúnyán tán tí wọ́n jókòó kí wọ́n mí, èmi a máa fi ìka tọ ojú ìlà náà lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ní olóòlà ló kọ ọ́ nígbà tí àwọn wà ní omidan, ó fi èédú lílọ̀ ra á, ó sì fi omi ìgbín tù ú. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé igi ni mí ni?" Omi ìgbín máa ń tu ara, ṣùgbọ́n kì í mú ara kú. Ẹni tó bá fẹ́ kóló láyé ìgbà náà ti mọ̀ pé òun á jẹ̀rora. Láyé tiwa, oògùn wà tó ń mú kí ara kú tipiri kí abẹ́rẹ́ tó kàn án, n kò sì rí ohun tó burú nínú kí èèyàn má fẹ́ jẹ̀rora. Èmi gan-an ń tà á.

Orúkọ yẹn, "kírímù," ló ń kó bá wa. Ó jẹ́ kí a máa fojú ìpara lásán wò ó. Oògùn abẹ́rẹ́ ni, wọ́n kàn pò ó mọ́ ìpara ni. Lídókéènì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, òun náà ni dókítà eyín ń gún sí èrìgì kó tó fa eyín, òun náà ni wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ kí wọ́n tó rán an. Orílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1943. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ṣì ń pè é ní lignocaine. Ibi yòówù kó gbà wọ ara, iṣẹ́ kan náà ló mọ̀ ọ́n ṣe: iṣan ìmọ̀lára máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípa jíjẹ́ kí èròjà iyọ̀ gba àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín kan wọlé, lídókéènì á sì lọ dí ẹnu ilẹ̀kùn náà. Iyọ̀ kò rí ọ̀nà, iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ, ìwọ náà kò mọ̀ pé wọ́n gún ọ. Ó dára títí dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀, ó sì wà lára ọkàn tó ń lù láyà rẹ. Lídókéènì kò mọ̀ pé ẹ̀yìn nìkan lo rán òun. Bó bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò dí tibẹ̀ náà.

Awọ ara ló ń gbà wá. Awọ tó pé, tí kò bó, tí kò ya, díẹ̀ péré ló ń jẹ́ kó kọjá. Wá wo ohun tí ọmọkùnrin yẹn ní kí o ṣe sí awọ náà. Ó ní kí o fi ọ̀rá wé e: ọ̀rá á há òógùn àti ooru mọ́bẹ̀, awọ á rọ̀ bíi ti ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀, yóò sì máa fa oògùn mu. Ó ní gbogbo ẹ̀yìn, láti èjìká dé èjìká. Ó ní wákàtí mẹ́ta, ìyẹn sì ni kí o tó gbéra ní Ìkẹ́rẹ́, kí o tó jókòó sínú mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán. Ìwọ náà wá sọ pé o ń bóra. Kò sí ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún oògùn yìí tí ẹ̀yin méjèèjì fi sílẹ̀.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 5% sára túùbù, ó túmọ̀ sí pé mìlígíráàmù 50 wà nínú gíráàmù kan. Bí ike náà bá gba gíráàmù 30, ó ti di 1,500 mìlígíráàmù nìyẹn. Nígbà tí dókítà bá ń gún lídókéènì lásán sí àgbàlagbà lára, kì í jẹ́ kó kọjá 300. Lóòótọ́, gbogbo ohun tó wà nínú ìpara kọ́ ló ń wọlé, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o rí i pé kò yẹ kí èèyàn máa fi í ṣeré. Èyí tí wọ́n sì ń tà fún àwọn oníṣẹ́ tátù lórí íntánẹ́ẹ̀tì le ju 5% lọ nígbà mìíràn, ó ń dé 10%. Inú ike tí kò lórúkọ, ta ló mọ èyí tó jẹ́? Ó lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun lásán ni wọ́n pò, ó sì lè jẹ́ oògùn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n dà pọ̀.

Èèyàn ti kú sí i rí. Àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ìlú ní 2007, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin méjì kú, ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 22, èkejì jẹ́ 25. Irun ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi iná lésà mú kúrò. Wọ́n fi kírímù amúra-kú kun ẹsẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e, gìrì gbé wọn, wọn kò sì jí mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àjọ yìí kan náà tún kìlọ̀ nípa àwọn kírímù tí wọ́n ń tà fún tátù àti irun fífà, pé lídókéènì inú wọn ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, èyí tí èèyàn lè rà láìgba ìwé dókítà kì í kọjá 4%.

Kí o má sọ pé ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Nígbà ọyẹ́ kan, ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, ó ní kí n fún òun ní Panadol, pé etí òun ń hó. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹnu òun ń rí bíi ti ẹni tó pọ́n kọ́bọ̀ lá. Mo ní kó jókòó, bó sì ti ń jókòó ni mo gbọ́ ìró ọ̀rá lábẹ́ yẹ̀rì rẹ̀, ṣàràṣàrà. Mo ní, "Kí ni ìyẹn?" Ojú tì í. Itan méjèèjì ló fi kírímù kùn láti ìdí dé orúnkún, ó fi irú ọ̀rá tí a fi ń bo oúnjẹ wé e, ó ń lọ síbi tí wọ́n ti máa fi ìda gbígbóná fa irun ẹsẹ̀ rẹ̀. A tú ọ̀rá náà nínú yàrá ẹ̀yìn. Kírímù náà ti di omi, ó ń ṣàn sínú bàtà rẹ̀. A fi aṣọ gbígbẹ nù ún, a fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, a pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó bọ́. Bí kì í bá ṣe pé ó ṣèèṣì wọ ṣọ́ọ̀bù wá ra Panadol ńkọ́?

Ohun kan tún wà nípa ìda gbígbóná yẹn tí àwọn tó ń fa irun kì í rò. Ara tó ti kú kò lè sọ fún ọ pé ìda náà ti gbóná jù. Wọ́n á ti jó ọ kí o tó mọ̀.

Ó dáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó bó ti yẹ? Èyí tí a mọ̀ jù ni kírímù tí lídókéènì 2.5% àti prilocaine 2.5%, oògùn amúra-kú mìíràn, pò pọ̀ nínú rẹ̀. Túùbù rẹ̀ kékeré jẹ́ gíráàmù 5. Fún àgbàlagbà, ìdajì túùbù yẹn ni wọ́n ń lò fún ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, kó fi díẹ̀ ju ojú páálí ìṣáná lọ. Kì í ṣe kí o fi ra ara bí ẹni ń para. Wọ́n ń gbé e lé awọ ni, kó nípọn bí ẹni fi bọ́tà sí búrẹ́dì fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á fi báńdéèjì pẹlẹbẹ bò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Àgbàlagbà kì í fi í sára kọjá wákàtí márùn-ún, kò sì sí èrè níbẹ̀, torí pé lẹ́yìn ìgbà náà ńṣe ni kíkú ara náà á máa dínkù. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó, irọ́ ni. Bí wọ́n bá nù ún kúrò, ara ṣì máa kú fún wákàtí kan sí méjì.

Ọ̀rọ̀ bíbò yìí, fetí sí i dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kírímù kan wà tí ìwé inú páálí rẹ̀ ní kí a bò ó. Òmíràn wà tí ìwé rẹ̀ ní kí a má bò ó rárá, pàápàá àwọn tí lídókéènì nìkan wà nínú wọn tí wọ́n ń tà láìgba ìwé dókítà. Kò sí òfin kan tó kan gbogbo wọn. Ìwé inú páálí ló máa sọ fún ọ, ìdí nìyẹn tí kírímù tí kò ní páálí kò fi dára fún ẹnikẹ́ni. Yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí o wo orúkọ oògùn inú rẹ̀ àti iye rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kí o wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ̀yìn rẹ wá ńkọ́? Láti èjìká dé èjìká, jẹ́ ká sọ pé ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí orúkọ náà ga tó 10. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ibi tí mo sọ lókè yẹn nìyẹn. N kò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o dá a ṣe nílé, bó ti wù kí kírímù náà jẹ́ ojúlówó tó. Bí ó bá jẹ́ èmi, ohun méjì ni n bá ṣe. N bá jẹ́ kí orúkọ náà kéré, kó wà lójú kan. Bí n kò bá sì fẹ́ kó kéré, n bá pín in: ìdajì lónìí, kí ara jinná, ìdajì tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì jẹ́ pé ibi tí egungun wà nìkan, níbi tó ti máa ń dùn jù, ni wọ́n á fi kírímù sí. Olóòlà náà kì í kọ gbogbo ara tán lójúmọ́ kan.

Ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò ó, má fá irun ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bíléèdì máa ń họ ara tí ojú kò rí i, ojú họhọ yẹn sì ni oògùn ń gbà wọlé wéré. Má fi kun ibi tí kókó bá ti sú, tàbí ibi tí èélá, egbò tàbí iná bá wà. Kó má dé ojú. Bó bá kan ẹyinjú tó sì kú, èèyàn lè fọwọ́ họ ọ́ di egbò láìmọ̀. Má fi Aboniki tàbí Robb lé e, má fi omi gbígbóná rẹ́ ibẹ̀, má sì fi kírímù sára kí o wá gba Ìkògòsì kọjá lọ jókòó sínú omi gbígbóná yẹn. Mo mọ̀ pé o ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ kan sọ fún mi pé ètò ọjọ́ ìsinmi wọn nìyẹn gan-an: tátù láàárọ̀, Ìkògòsì lọ́sàn-án. Yàtọ̀ sí ti kírímù, tátù tútù kì í wọ omi tí gbogbo ayé ń wọ̀.

Kí abẹ́rẹ́ tó kan ara, kí wọ́n nu kírímù náà kúrò pátápátá. Bí wọ́n bá sì ti ya án dé àárín tí ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, má jẹ́ kí wọ́n tún fi òmíràn kùn ọ́ lójú tí wọ́n ti gún. Awọ ti ya níbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pa á sí tààrà.

Kírímù abóra wá kàn. O sọ ọ́ bí ẹni pé kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kí o kọ́kọ́ mẹ́nu kàn. Hydroquinone àti oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó sábà máa ń wà nínú wọn kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni wọ́n ń mú kúrò. Sítẹ́rọ́ìdì yẹn máa ń mú kí awọ fúyẹ́, kó rí bí awọ àlùbọ́sà, débi pé o máa ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Awọ tó ti rí bẹ́ẹ̀ kì í dá oògùn dúró. Ìwọ̀n kírímù tí kò ní ṣe ìyá rẹ ní nǹkan kan nígbà ayé wọn lè pọ̀ jù fún ìwọ. Bí ẹ̀yìn rẹ bá wà lára ibi tí o ń kùn, má fi kírímù amúra-kú síbẹ̀ rárá, kí o sì tún rò ó bóyá awọ bẹ́ẹ̀ lè gba tátù kó jinná dáadáa. Tátù tó dára kì í dúró lórí awọ tó ń bó. Má sì dá sítẹ́rọ́ìdì dúró lójijì bí ó bá ti pẹ́ tí o ti ń lò ó, torí ara lè gbẹ̀san. Wá kí a jọ sọ bí o ṣe máa dín in kù.

Ọmọ rẹ ló mú mi tètè dáhùn. Ọmọ oṣù méjì kì í ṣe àgbàlagbà kékeré. Prilocaine tí mo dárúkọ lókè, àti benzocaine tó wà nínú àwọn oògùn eyín híhù, lè ba pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, tí kò fi ní lè gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri mọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà á ṣókùnkùn bíi ṣokoléètì. Ara àgbàlagbà ní èròjà tó ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ti ọmọ kò tíì gbó láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa lo kírímù alápòpọ̀ yìí fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ kì í ju gíráàmù kan lọ, kì í sì ju wákàtí kan lọ. Wọn kì í lò ó fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nígbà tí wọ́n bí i. Tìrẹ, ike tí ẹnì kan kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ á sì fọwọ́ pa etí, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Àwọn ọmọ kan wà tí ewu tiwọn tún ju èyí lọ. Bí ojú ọmọ rẹ bá pọ́n rúbúrúbú lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí o bí i, tí wọ́n fi sábẹ́ iná, tí nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ fún ọ pé o kò gbọdọ̀ fi káńfọ̀ sínú aṣọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ AS àti SS o, ọ̀tọ̀ ni. Prilocaine àti benzocaine kò dára fún irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́mọdé tàbí lágbà. Bí o bá mọ̀ pé ó wà nínú ìdílé yín, sọ ọ́ síta níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ tọ́jú yín, nítorí oògùn aláwọ̀ búlúù tí dókítà ń fà sí ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ báyìí náà kò bá wọn lára mu. Ẹni tó bá ń lo Septrin, dapsone tàbí primaquine náà kí ó yẹra. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, kí ó béèrè kó tó rà á.

Bí a ti wà lórí ọmọ yìí: oògùn eyín híhù. Eyín ọmọ rẹ kò tíì dé, ṣùgbọ́n yóò dé, ẹnì kan yóò sì mú jẹ́ẹ̀lì amúra-kú wá fún ọ. Má gbà á. Láti 2018 ni FDA ti sọ pé benzocaine kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rẹ, tí a fún gbẹ, tó fún ọmọ láti jẹ lẹ́nu.

Etí rẹ̀ ńkọ́? Lu ú láìlo kírímù. Ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí itan, àbí? Ìyẹn dùn ún ju etí lọ, kò sì sí ẹni tó fi nǹkan kùn ún. Gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì tó ní ohun èlò mímọ́, gbé e sí ọmú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó máa mu ún lọ nígbà tí wọ́n bá ń lu ú. Ọmú máa ń dín ìrora kù fún ọmọ, kì í ṣe ìtàn àwọn ìyá àgbà lásán, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fọwọ́ sí i fún àkókò abẹ́rẹ́. Á ké díẹ̀, á sì gbàgbé.

Fún ìwọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, kírímù díẹ̀ lójú kékeré kò ní ṣe wàrà rẹ ní nǹkan. Má kàn fi sí ọmú. Bó bá sì jẹ́ pé èjìká ni, ọmọ kò gbọdọ̀ sùn lé ibẹ̀ kí o tó nù ún kúrò, torí ẹnu ọmọ oṣù méjì kì í kúrò lára èjìká.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ka èyí, tí ẹ ń wá ra oògùn fífín kí ẹ lè pẹ́ lórí ibùsùn, tẹ́ ẹ sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú káńtà: lídókéènì ni tiyín náà. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹ má kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dànù kí ẹ tó sún mọ́ ìyàwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tirẹ̀ náà á kú tipiri.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé nǹkan fẹ́ yíwọ́ ńkọ́? Ètè àti ahọ́n á kọ́kọ́ kú, bẹ́ẹ̀ o kò fi kírímù kan ẹnu. Ẹnu á máa rí bí irin, etí á máa hó, òòyì á máa kọ́ èèyàn, ọ̀rọ̀ á máa wọ́, oorun á máa gbé e. Bí iṣan ojú tàbí ọwọ́ bá ń fò pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, gìrì kò jìnnà mọ́. Ti ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ yàtọ̀ díẹ̀: èémí á kúrú, orí á máa fọ́, àwọ̀ ara á máa ṣú. Àwa dúdú, ojú awọ kò ní tètè fi í hàn. Ṣí ètè kí o wo inú rẹ̀, wo èrìgì, wo ahọ́n, wo ìpìlẹ̀ èékánná bí kò bá sí láàlì tàbí èékánná àlẹ̀mọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí bí eérú, tàbí bí àwọ̀ aró tó ti ṣá, má jókòó máa rò ó.

Tú ọ̀rá, nu kírímù kúrò, fọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ wá mọ́tò. Kì í ṣe ọ̀kadà, torí ẹni tí gìrì lè gbé kì í jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Láti Ìkẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó wà ní Adó ló sún mọ́ yín; àwọn tó bá wà ní apá Ìdó ní ti ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú túùbù tàbí ike náà dání, kí ẹ sọ ìgbà tí ẹ fi sára. Kò sí epo pupa, kò sí mílíìkì, kò sí ìtọ̀ màlúù. Bí gìrì bá gbé e, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ má fi síbí ya á lẹ́nu, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ojú àpá iná yẹn ni mo máa ń rí lára àwọn tí gìrì ti gbé rí, ó sì máa ń bí mi nínú ju àìsàn náà lọ.

Oníṣẹ́ tátù yẹn, o lè má fi í sílẹ̀ o. Ó lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Bi í pé kí ni orúkọ oògùn inú ike náà, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, ibo ló ti rà á. Bí kò bá lè dáhùn, sọ fún un pé ìwọ lo máa mú kírímù tìrẹ wá nínú páálí rẹ̀, tàbí kó ya án bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan kùn ún. Abẹ́rẹ́ ńkọ́, tuntun ni àbí ó ti gún ẹlòmíràn? Bi í léyìí náà.

Ike tó wà lọ́wọ́ rẹ, má jù ú sí ààtàn níbi tí ọmọdé á ti rí i. Dì í sínú ọ̀rá, kí o mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tàbí ṣọ́ọ̀bù apòògùn èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ọ, wọ́n á bá ọ dà á nù. Ní ti owó tí o san, béèrè rẹ̀ padà. Bí kò bá dá a padà, jẹ́ kó máa ná an.